Kìnnìún Méjì láti Kàdúná: Ìfiwéra Peugeot 504 àti Peugeot 301

Peugeot 504 àti Peugeot 301 jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Ilé-iṣẹ́ kan náà ní ilẹ̀ Faransé ló bí wọn, àmì kìnnìún kan náà ló wà níwájú àwọn méjèèjì, Kàdúná sì ni wọ́n ti to àwọn méjèèjì pọ̀ fún ọjà Nàìjíríà. Ọdún 44 ló wà láàárín wọn: 1968 ni 504 jáde, 2012 ni 301 dé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yẹ ní fífi wéra ju kí ènìyàn mú ọkọ̀ Faransé kan kó fi wé ti Jàpáàn. Ohun tó bá yàtọ̀ nínú wọn, ayé tó yí padà ló fà á.

France Road ní Sabon Gari, ìlú Kánò, ni ojú títì tí ìfiwéra yìí ń gbé wọn lé. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń polówó ọkọ̀ máa ń sọ bí ó ṣe ń sáré tó lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. France Road kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1911 ni ojú irin wọ Kánò. Lẹ́yìn náà ni ìjọba amúnisìn la Sabon Gari sílẹ̀ fún àwọn àlejò tó bá ọkọ̀ ojú irin wá, tí Yorùbá àti Ígbò pọ̀ nínú wọn. Tààrà ni wọ́n la àwọn òpópónà ibẹ̀, tí ọ̀kan ń dábùú èkejì bí ojú àwọ̀n. Ọkọ̀ kì í tíì rìn jìnnà kó tó kan ìkóríta mìíràn. Láti ọdún 2013 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin de alùpùpù akérò, èyí tí wọ́n ń pè ní achaba, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará Kánò sọ ní a daidaita sahu ló gba ojú títì kan. Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ooru ọ̀sán máa ń tó nǹkan bí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà a bo ilé, a bo ọkọ̀. Ọkọ̀ kan náà tó ń wọ́ bí ìgbín láàárín ọ̀sẹ̀ ni onílé máa gbé lọ sí Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Èkó nígbà ọdún. Iṣẹ́ méjì ni, méjèèjì kò sì jọra: kí ọkọ̀ máa dúró máa lọ nínú ooru, kí ó sì tún lè gbé ẹrù àti ẹbí rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1968 ni Peugeot fi 504 han aráyé. Ní 1969, àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù fún un ní oyè Ọkọ̀ Ọdún. Ní 1972 ni ìjọba Nàìjíríà àti Peugeot fọwọ́ sí àdéhùn, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 1975, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PAN, ní Kàdúná. Ọdún kan náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Owó epo rọ̀bì wà nílẹ̀ nígbà yẹn, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń ra ọkọ̀ tuntun. Ní ayé ìjọba ológun Ọbásanjọ́, tí wọ́n ní kí àwọn aláṣẹ yé ṣe fáàrí, 504 ni wọ́n fi rọ́pò àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá. Dókítà gùn ún, ọ̀jọ̀gbọ́n fásitì gùn ún, ọlọ́pàá gùn ún. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní station wagon, bọ́ sọ́wọ́ àwọn awakọ̀ èrò, ó sì di ọba gáréèjì láti Èkó títí dé Kánò. Àwọn ènìyàn kò tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ tán mọ́. Pijó ni wọ́n ń sọ, ẹni tó gbọ́ sì mọ èyí tí wọ́n ń wí.

Ilẹ̀ Faransé dẹ́kun ṣíṣe 504 onílé, ìyẹn saloon, ní 1983. Kàdúná kò dá dúró ní tirẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún sí i ni wọ́n ṣì fi ń tò ó. Ní gbogbo ayé, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ọkọ̀ yìí tí wọ́n ṣe.

Ìtàn 301 kúrú, kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 2006 ni ìjọba ta PAN fún àwọn aládàáni. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, AMCON, àjọ ìjọba tó ń gba gbèsè tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì, sì gba ìdarí rẹ̀ ní 2012. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò tuntun kalẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní 2013, tí owó ibodè orí ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé sì lọ sókè, Kàdúná tún tanná sí ibi ìtòkọ̀ rẹ̀. Ní 2014 ni 301 bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Ní 2022, ilé-iṣẹ́ tuntun tí Dangote àti Peugeot dá sílẹ̀ ní Kàdúná náà bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà mìíràn. Nọ́ńbà 1 tó parí orúkọ rẹ̀ ní ìtumọ̀: Peugeot ṣètò pé ọkọ̀ tó bá parí sí 1 jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ọjà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, níbi tí oníbàárà ti ń wá ọkọ̀ tó láyè nínú, tó lágbára, tí owó rẹ̀ kò sì ga jù.

Ẹ́ńjìnnì ni ibi tí ọdún 44 náà ti hàn jù. Ti 504 tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ 1,971 cc, sílíńdà mẹ́rin, fálífù mẹ́jọ. Kábúrétọ̀ ló ń po epo àti afẹ́fẹ́ fún un. Agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹṣin 93. Ti 301 tí ìfiwéra yìí mú jẹ́ 1,587 cc, sílíńdà mẹ́rin bákan náà, ṣùgbọ́n fálífù 16. Ínjẹ́kítọ̀ ló ń fọ́n epo sí i, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ iye tí yóò fọ́n. Agbára tirẹ̀ jẹ́ ẹṣin 115. Bí wọ́n bá pín agbára yìí sí orí lítà kọ̀ọ̀kan, 504 ń mú nǹkan bí ẹṣin 47 jáde, 301 ń mú 72. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ tí ńlá kò lè ṣe tẹ́lẹ̀, epo díẹ̀ ló sì fi ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n agbára ẹṣin nìkan kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Agbára mìíràn wà, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní agbára ìfà, tó jẹ́ pé òun ló ń mú táyà yí nígbà tí ẹrù bá wúwo. Níbí ni àgbà ti fi díẹ̀ ju ọmọdé: 504 ní nǹkan bí 160 lórí òṣùwọ̀n Newton-mítà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 3,000 péré ní ìṣẹ́jú kan, 150 ni ti 301, ó sì gbọ́dọ̀ yí tó 4,000 kó tó dé ibẹ̀. Ohun tí awakọ̀ ń rí nìyí bí ó bá ń gun òkè pẹ̀lú èrò tó kún ọkọ̀. 504 kì í pariwo. Ó kàn ń fà ni. 301 ní tirẹ̀ fẹ́ kí awakọ̀ já jíà sílẹ̀, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré díẹ̀, kó tó rí agbára tó ń wá. Ẹni tó ti fi ogún ọdún wa 504 tó wá bọ́ sínú 301 máa ń rò pé ọkọ̀ tuntun kò lágbára, kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ní ti eré, ọ̀rọ̀ kò gùn. Láti ìdúró títí dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan, 504 máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 13, 301 ń lo 9.4. Òpin eré 504 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 170, ti 301 jẹ́ 188. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó gba ọkọ̀ kékeré láyè 100 ní ọ̀nà márosẹ̀ àti 50 láàárín ìlú, nítorí náà méjèèjì ló ní eré tí òfin kò fún wọn láyè láti lò. Ní France Road, ẹni tó bá dé 50 pàápàá ti ṣiṣẹ́ ibi.

Ìwọ̀n ara wọn sún mọ́ra ju bí ojú ti rò lọ. Gígùn 504 onílé jẹ́ 4,490 mìlímítà, ti 301 jẹ́ 4,442. Ìbú 504 jẹ́ 1,690, ti 301 jẹ́ 1,748, gíga wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni bí wọ́n ṣe lo àyè náà. Ẹ́ńjìnnì 504 wà níwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń tì í. Ọ̀pá kan gbọ́dọ̀ ti iwájú gba abẹ́ ìjókòó kọjá dé ẹ̀yìn, ìdí nìyí tí òkìtì fi wà láàárín ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ẹni tó jókòó sí àárín kò ti mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa 301, kò sí ọ̀pá, ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́, búùtù rẹ̀ sì gba lítà 506. Ó fúyẹ́ pẹ̀lú: nǹkan bí 1,100 kílò sí 1,200 ti 504.

Fún ẹrù, station wagon 504 kò ní orogún nínú ìdílé yìí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 4,800 mìlímítà, àyè láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn jẹ́ 2,900. Ìlà ìjókòó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn olómìnira tó wà lára 504 onílé kúrò, wọ́n fi áàsù kan gbọnrangandan sí i pẹ̀lú sípíríǹgì mẹ́rin dípò méjì. Ìyẹn ni kì í fi í jókòó sílẹ̀ nígbà tí èrò bá kún un, tí ìgbá tòmátì tún wà lórí rẹ̀. Kò sí 301 kankan tó jọ èyí. Èrò márùn-ún ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó bá sì kó méje sínú rẹ̀ ń ba sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti ẹ̀mí àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́.

Bí 504 onílé ṣe ń gba kòtò jẹ́ ohun ìyanu nígbà ayé rẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́tọ̀, sípíríǹgì rẹ̀ sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kòtò ńlá fi ń di kékeré lábẹ́ ìdí èrò. Ayé rí i nínú ìdíje Safari Rally ní Kenya, níbi tí ọ̀nà jẹ́ òkúta, ẹrẹ̀ àti eruku: Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní ní 1975, Jean-Pierre Nicolas sì fi ẹ̀yà rẹ̀ tó ní sílíńdà mẹ́fà gbà á ní 1978. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn 301 rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin kan ló so òsì mọ́ ọ̀tún. Owó rẹ̀ kéré, kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìdí ènìyàn a mọ̀ pé kòtò ti kọjá. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ tuntun kò lé àgbà bá.

Epo ni ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó lè fojú fò báyìí. 504 oníbẹntiróò máa ń mu nǹkan bí lítà 11 fún 100 kìlómítà. Ìwé Peugeot sọ pé 301 ń mu 6.5. Bí awakọ̀ bá ti Kánò lọ sí Kàdúná, nǹkan bí 230 kìlómítà, 504 yóò mu lítà 25, 301 yóò mu 15. Bí ó bá lọ sí Èkó, lítà 110 ni ti 504, 65 ni ti 301. Táǹkì 504 ń gba lítà 56, ti 301 ń gba 50, síbẹ̀ àgbà yóò ti máa wá ilé epo kí ó tó pé 510 kìlómítà, nígbà tí 301 lè kọjá 700. Nígbà tí epo wà ní owó pọ́ọ́kú, ta ni ń ka lítà? Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí kò tó ₦200 fún lítà kan fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì fi máa di òpin 2024, ó ti lé ní ₦1,000. Lítà 45 tó wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì lọ sí Èkó di ₦45,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àlọ nìkan nígbà yẹn. Ìṣirò yìí ló ń sọ 504 di ẹrù sí olówó rẹ̀ lọ́rùn ju ìbàjẹ́ kankan lọ. Òótọ́ ni pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sabon Gari àti ẹ̀rọ amúlétutù yóò mú kí 301 mu ju 6.5 tí ìwé wí, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà ń pọ́n 504 lójú, nítorí kábúrétọ̀ kò mọ ìgbà tí ó yẹ kó dín epo kù.

Ooru àti eruku ló kù, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n fi ooru sọ́kàn nígbà tí wọ́n ṣe 504. Fáànù rẹ̀ ní iná mànàmáná tó ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì bí omi bá ti gbóná, tó sì ń tú u sílẹ̀ bí omi bá tutù, kí ó má baà máa jẹ agbára lásán. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní ìfúnpọ̀ tó ga, nítorí náà epo tí kò dára tó kì í tètè mú un kànkùn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni síléèfù rẹ̀. Písítìnnì kò rìn lórí irin ẹ́ńjìnnì gan-an. Inú síléèfù tó ṣeé yọ ló ń rìn, omi rédíétọ̀ sì yí i ká. Bí eruku bá jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọdún pípẹ́, mẹkáníìkì yóò fa síléèfù àti písítìnnì àtijọ́ yọ, yóò fi tuntun síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì padà di ọmọ ọwọ́. Kò nílò ẹ̀rọ ńlá fún un. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń ṣe é ní Kánò, àti ní Zinder àti Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger. Ṣéènì ló tún ń yí káǹṣáfù 504, kì í ṣe bẹ́líìtì.

Bẹ́líìtì ni ti 301, ó sì yẹ kí ẹni tó ní in mọ èyí dájú. Rọ́bà ni, ooru a máa gbẹ ẹ́, eruku a máa fá a. Bí ó bá já lórí ìrìn, fálífù yóò bá písítìnnì pàdé, ẹ́ńjìnnì yóò sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ọkọ̀ sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìlú tí ooru rẹ̀ ń lọ sí 40, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró dé ọjọ́ náà. Yàtọ̀ sí èyí, àìsàn 301 sábà máa ń jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ àti wáyà. Iná ẹ́ńjìnnì a tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mẹkáníìkì tó bá ní kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò a kà á, a sọ ibi tí ó ń dun ọkọ̀, ó lè parí iṣẹ́ ní ìdajì wákàtí. Èyí tí kò ní a bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, a máa yọ sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, owó oníbàárà a sì máa lọ. Ọkọ̀ tuntun kò le láti tún ṣe. Ìmọ̀ tó nílò ni kò tíì dé gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Sípíà páàtì ní ìtàn tirẹ̀, ó sì dun ni. Nígbà tí 504 ń jáde ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ ohun tó wà lára rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Nàìjíríà: bàtìrì Exide àti gíláàsì Isoglass láti Ìbàdàn, táyà Dunlop láti Ìkẹjà, táyà Michelin láti Port Harcourt. Michelin pa ilé-iṣẹ́ ìṣetáyà rẹ̀ dé ní 2007, Dunlop tẹ̀ lé e ní ọdún kejì. Ohun tó ń gbé 301 ró lónìí, òkè òkun ló ti ń wá, owó dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ẹni tó ń wá páàtì 504 ní ọjà Kofar Ruwa ní Kánò lè rí i lára ọkọ̀ tó ti kú, nítorí pé ọkọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkú rẹ̀ pàápàá ń bọ́ àwọn tó kù. Òkú 301 kò tíì pọ̀.

Ààbò ni ibi tí kò sí àríyànjiyàn. Àwọn 504 àkọ́kọ́ ní bíréèkì onídísíìkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun ńlá ni ní 1968, ṣùgbọ́n kò sí ABS. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gan-an lórí títì tí ó tutù, táyà a dúró gbọnyin, ọkọ̀ a máa yọ̀ lọ síbi tó bá wù ú. 301 ní ABS, táyà rẹ̀ kì í dúró pátápátá, awakọ̀ sì ṣì lè yí sítíáríǹgì kúrò lójú ewu. Ó ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ síta níwájú awakọ̀, àti ìgbànú ààbò fún gbogbo ìjókòó. Ara ọkọ̀ tuntun náà ni wọ́n ṣírò kí iwájú rẹ̀ lè fọ́ kí ibi ìjókòó má baà fọ́. Àwọn ènìyàn máa ń yin 504 pé irin rẹ̀ nípọn, pé 301 dà bí agolo. Irin tó nípọn tí kò fọ́ ń gbé agbára ìkọlù náà wọ inú àyà èrò. Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Sabon Gari àti ní ilẹ̀ Yorùbá ló mọ ohun tí ìlà ìjókòó kẹta station wagon gbà lọ́wọ́ wọn, níbi tí kò sí ìgbànú kankan tí ẹrù sì wà lẹ́yìn orí. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi wé ara nínú ọ̀rọ̀ yìí, eléyìí ló yẹ kí ẹni tó ń ra ọkọ̀ fún ẹbí kọ́kọ́ béèrè, òun ni wọ́n sì máa ń béèrè kẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí 504 fi sílẹ̀ kò tíì bọ́ sọ́wọ́ 301. Ní gáréèjì, Volkswagen Golf ló gba ti èrò márùn-ún láàárín Kánò àti àwọn ìlú tó sún mọ́ ọn. Sharan àti Toyota Sienna ló gba ti èrò méje, Hiace sì gba èyí tó kù. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ti gùn ní òkè òkun kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn dé. 301 wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́, àwọn ọ́fíìsì ìjọba àti àwọn díẹ̀ tó lè ra tuntun. Station wagon 504 tó kù ti kúrò lọ́nà jíjìn. Ọ̀nà oko ló ń rìn, pẹ̀lú àpò àgbàdo àti ewúrẹ́ lórí, láti abúlé wọ ọjà, níbi tí wọ́n ti ń fi síléèfù tuntun sí i lábẹ́ igi bí wọ́n ti ń ṣe é ní 1980.